Àwọn Ayálégbé Inú Ògiri Wa

Kundan, ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kí ó bá Meghna ìyàwó wa nínú ẹ̀rín, kí ó sì bá ọmọ-ọmọ wa níbi tó ti ń mu ọmú láìsí ikọ́, láìsí ibà. Golu òrìṣà wa, tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwa ará òkè, yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín ní Delhi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ fún mi pé àjà keje ni ilé yín wà, n kò sì mọ bí òrìṣà àgbàlagbà ṣe máa gun àtẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀. Màlúù dúdú ti bí, akọ ni, a gba kámú. Ẹ̀wà dúdú ti gbẹ lórí òrùlé, ọ̀bọ kò sì jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ lọ́dún yìí, a dúpẹ́.

O ti lè máa rò ó pé kí ló dé tí mò ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé nígbà tí o ti ra fóònù fún wa. Fara balẹ̀ kà á kí o tó bínú sí ìyá rẹ. Inú àlàfo ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí a fi bo ilé àwọn oyin inú ògiri yàrá ni a gbé fóònù náà sí, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ìyá rẹ ti lè tó o. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lóko, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó ń kùn, ó ń sún kúrò níbi tó wà díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ gbé e sétí, ó gbọ́ pé oyin ti há sínú rẹ̀, pé ẹyọ kan ni, pé inú sì ń bí i gan-an. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í fẹ́ kí ẹ̀dá kankan jìyà. Ó tanná ran àkísà, ó sì fín èéfín sí i bí a ṣe máa ń ṣe fún oyin kí ara wọn lè rọlẹ̀, nígbà tí kò dákẹ́ ó gbé fóònù náà dúró lórí èéfín títí ó fi dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà kò tíì sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì ni a fi gbé e sójú oòrùn kí oyin náà lè rí ọ̀nà jáde, a kò rí i kí ohunkóhun jáde. Jaman Singh, aládùúgbò wa tó ń gbé òdìkejì odò, tí ọ̀rọ̀ kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má dá sí i, ní ìwọ lo ń pè wá lọ́jọ́ náà, pé ọmọ wa ni a fín lééfín. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o bá wa sọ kẹ́yìn kí fóònù náà tó kú, kò kúrò lọ́kàn wa. O ní bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà ẹ ó gbé e wá, kí a lè fi ìrẹsì àkọ́jẹ kàn án lẹ́nu nínú ilé tí a ti fi kan tìrẹ, inú wa dùn débi pé ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ìrẹsì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé ó di dandan kí a kọ́kọ́ dí ihò àwọn oyin, pé Meghna kò lè gbé ọmọ wọ yàrá tí oyin ń sùn nínú ògiri rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, agbọ́n ló ta á ní ìpéǹpéjú lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe oyin. Agbọ́n ńlá wọ̀nyẹn, èmi gan-an ń bá wọn jà lójoojúmọ́, mo ń jókòó sẹ́nu ihò pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ, mo ń gbá wọn lulẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wá jí àwọn oyin gbé lọ pa, wọ́n ti ta mí létè lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Olè ló ṣe ìyàwó wa léṣe, onílé la fẹ́ lé jáde.

O mọ̀ pé nígbà tí bàbá mi ń mọ ilé yìí, ihò àwọn oyin ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ògiri kó tó fi ti fèrèsé sílẹ̀. Kò pè wọ́n. Wọ́n wá fúnra wọn kí òrùlé tó parí. Oyin inú ibẹ̀ ni wọ́n fi kàn mí láhọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òun náà ni a fi kan ìwọ. N kò fi ìyẹn pè ọ́ lẹ́jọ́, mo kàn ní kí n rán ọ létí ni.

Bí a ṣe ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni olùkọ́ obìnrin kan dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìjọba, ó ń ka iye ènìyàn tó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ó bi ìyá rẹ pé ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí, ìyá rẹ ní méjì. Ó ní ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé inú ilé, ìyá rẹ tí kì í purọ́ sì ní wọ́n wà o, wọ́n tiẹ̀ pọ̀, ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ń gbé láti ayé baba ọkọ òun. Olùkọ́ náà kò gbójú sókè kúrò lórí ìwé. Ó ní ṣé wọ́n ń san owó ilé. Ìyá rẹ ní wọ́n ń san án lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, ìkòkò méjì. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe di onílé tó ní ayálégbé nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì pé kí a mú fọ́tò àwọn ayálégbé wa wá. Mo lọ. Mo bi akọ̀wé pé ṣé fọ́tò kan ṣoṣo á tó fún gbogbo wọn, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa yà wọ́n. Ó ní bó bá jẹ́ ẹbí kan ni, kí n ya wọ́n pọ̀. Mo ní ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Ó ní ìyẹn ti dára. Mo wá bi í pé bí mo bá fẹ́ kí wọ́n kó jáde ńkọ́, ó ní n kò gbọdọ̀ lé wọn lójijì, kí n kọ̀wé fún wọn, kí n sì fún wọn láyè.

Mo kọ ìwé náà dáadáa. Mo fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo dúró lẹ́nu ihò láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo kà á fún wọn láti òkè délẹ̀, mo sì fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kí ẹni tí kò bá gbọ́ lè rí i. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, wọn kò mira. Jaman Singh ní bóyá wọ́n ti lọ pe lọ́yà.

Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mo kó wọn jáde. Mo ṣí pákó tó wà nínú yàrá, mo fín wọn lééfín jẹ́jẹ́, mo wá ìyá wọn títí mo fi rí i, mo gbé e sínú ìtì igi tí mo gbẹ́ nínú, mo sì gbé afárá wọn tẹ̀ lé e. Mo fi òrí wàrà màlúù pa ẹnu igi náà kí ó lè máa ta sánsán. Mo gbé e pọ̀n sẹ́yìn, mo sọdá odò lọ sí ilé Jaman Singh. Nígbà tí mo padà dé, mo fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù dí ihò náà pa, mo fi ọwọ́ dán an. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ ní òun ń gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́.

Kundan, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n ti padà. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń jáde lọ ṣiṣẹ́ jáde láti ilé Jaman Singh, wọ́n sì wá sílé wa tààrà, wọ́n ń rọ́ mọ́ ojú amọ̀ níbi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Jaman Singh rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé n kò mọ̀ pé ẹni tí a ó bá lé, a gbọ́dọ̀ lé e kọjá òkè mẹ́ta ni, torí tó bá ṣì lè rí òrùlé rẹ á padà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún pọ̀ sí i. Òjò rọ̀ díẹ̀, wọn kò lọ. Àwọn tí òtútù mú ń já bọ́ lulẹ̀, ìyá rẹ ń fi ewé ṣà wọ́n, ó ń kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí wọ́n lè yá. Èmi lọ sóko, n kò lè ṣe nǹkan kan lóko, mo padà wá.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri náà láti àárọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ. Ó ní kí n wo àwọn tí a lé jáde, bí wọ́n ṣe ń fi orí gbá ògiri kí wọ́n lè wọlé, tí ẹni tí a ń bẹ̀ pé kó wá sílé sì ní kí a kọ́kọ́ lé wọn. Ó dìde tòun ti orúnkún yẹn, ó mú dòjé, ó fi èèkù rẹ̀ lu amọ̀ náà títí ihò fi là, ó sì ní kí n lọ gbé ìyá wọn wá. Mo lọ gbé e wá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí, ihò ti ṣí. Jaman Singh ní kí n kọ̀wé pé mo ti dí i, pé ìgbà tí ẹ bá dé tán la ó mọ èyí tí a ó ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ọ́, n kò lè fi irọ́ pè ọ́ wálé. Mo mọ ohun tí ihò náà máa ná wa. Ìyá rẹ kò tíì gbé ọmọ yẹn rí. Inú fóònù ló ti rí i, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ń dùn wá, Kundan. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ ọ́.

A ti wá rò ó báyìí pé bí ẹ kò bá lè wá, àwa á wá. Jaman Singh á máa fún wàrà màlúù. Ilé kò ní ṣófo, àwọn tó wà nínú ògiri wà nílé. Fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù mọ́ o, nítorí èyí tí o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ fín in lééfín, n kò sì mọ irú ipò tó máa wà. Fi í lé awakọ̀ tó ń bọ̀ lókè lọ́wọ́. Bó bá ṣeé ṣe, fi òróró orúnkún kún un. Sọ fún Meghna kó má bẹ̀rù, ìgò oyin kan péré la ó gbé dání, èyí tí kò lè fò, ti ahọ́n ọmọ ni.

Kí ọ̀nà yín máa là, kí ẹ̀rù má wọlé tọ̀ yín, kí ọmọ yín má gbàgbé yín lọ́jọ́ alẹ́ yín. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí n fi kún un pé kí o bá òun sọ fún ìyàwó wa, bí kò bá fẹ́ kí òun gbé ọmọ náà, kò burú, òun á kàn jókòó síbì kan kí òun máa wò ó.

Èmi bàbá rẹ,
Bachi Singh