Òpó Tí Kò Yẹ̀: Ìgbésí Ayé Bàbá Emosi Ravoka ti Kadavu

Ní abúlé Nakorolevu, ní erékùṣù Kadavu, ni a ti bí bàbá wa, Emosi Ravoka, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1950. Netani Ravoka, apẹja àti oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni baba tó bí wọn lọ́mọ. Vasemaca, tí ẹní híhun rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ létíkun, ni ìyá wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni bàbá wa ti kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́ rọ́gbì. Àgbọn tútù ni bọ́ọ̀lù wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sáré bí ẹja, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá wa kúrú, ọrùn wọn sì ki. Osea, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin, tí àṣà wa fún láyè láti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé: "Emosi, ìwọ àti àpáta, ta ló máa kọ́kọ́ dé ìlà?"

Bàbá wa ní: "Wá forí sọ mí, wàá mọ èyí tó le jù."

Ní 1969, wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ẹrù rírù ní èbúté Suva. Ní 1973, wọ́n fi òrùka sọ́wọ́ ìyá wa, Makelesi, ọmọ Rewa. Ní 1975, wọ́n pè wọ́n sínú ẹgbẹ́ Fiji gẹ́gẹ́ bí òpó, èyíinì ni ẹni tó ń wà níwájú pátápátá nígbà tí ọkùnrin mẹ́jọ bá dì mọ́ra, tí wọ́n ń fi èjìká ti àwọn mẹ́jọ ti ẹgbẹ́ kejì.

Ní 1978, ẹgbẹ́ ńlá kan lókè òkun ti àwọn ọmọ wa sẹ́yìn bí ẹni ti ìlẹ̀kùn. Ìwé ìròyìn wọn kọ ọ́ pé ará Fiji mọ eré sá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbàgbé láti fún wọn lágbára. 

Bí wọ́n ti darí dé, bàbá wa kó àwọn ará iwájú, àwọn mẹ́jọ tó ń dì mọ́ra náà, wá sí Kadavu. Bí òkun bá ti fà sẹ́yìn, wọn a jọ máa ti ọkọ̀ ìpẹja ńlá lórí iyanrìn. Osea á jókòó sínú ọkọ̀, á máa jẹ kókò sísè, á ní: "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ọkọ̀ yìí ò tíì mira o!"

Ní 1982, ẹgbẹ́ kan náà wá sí Suva. Òjò ń rọ̀. Eré kù díẹ̀ kó parí, àwọn àlejò sì fi àmì mẹ́ta ṣíwájú, nígbà tí rẹfirí fún wa ní àǹfààní níwájú igi góòlù. Bí a bá gbá a wọlé, ọ̀mì ni. Waisea, olórí ẹgbẹ́ wa, béèrè pé: "Ẹ̀yin ará iwájú, ṣé ká gbá a?"

Bàbá wa dáhùn: "Ọmọ ìyá mi, ọ̀mì kọ́ la wá wá níbí. Gbé e fún wa, a ó tì í."

Wọ́n dì mọ́ra. Ẹsẹ̀ àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ọmọ wa fi rìn kọjá ìlà, tí wọ́n sì tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, àmì mẹ́rin. Fiji borí! Àwọn àgbààgbà fò sókè bí ọmọdé.

Nígbà tí ìyá wa dì mọ́ wọn ni bàbá wa kígbe. Èjìká wọn ti bọ́ ní oríkèé láti ìdajì àkọ́kọ́.

"Bàbá Vasiti, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mú mi kúrò."

Ní 1984, wọ́n fi eré sílẹ̀, wọ́n padà sílé. Wọ́n di alàgbà nínú ìjọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní rọ́gbì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí àwọn kan ráhùn nípa ti àwọn ọmọbìnrin, bàbá wa bi wọ́n léèrè níbi abọ́ yaqona, omi gbòǹgbò tí a jọ ń mu nípàdé, pé: "Ṣé ọrùn obìnrin kì í ṣe ọrùn ni?" Ọmọ-ọmọ wọn, Vasemaca kékeré, ti wọ ẹ̀wù funfun Fiji báyìí. Òpó lòun náà.

Bàbá wa sùn nínú Olúwa lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìyá wa Makelesi ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Vasiti, Netani, Ulamila àti Kitione, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Akin Kadavu, ọkọ Makelesi, ẹ kú iṣẹ́. Kí iyanrìn ilẹ̀ yín fúyẹ́ lára yín, kí Olúwa tí ẹ sìn fọwọ́ ara rẹ̀ gbà yín. Ẹ sùn ire o, Bàbá.