Àgò Òfìfo Tó Ń Padà sí Bódìjà

Abà Adésànyà,
Lẹ́yìn Fìdítì.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Fúnlọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Ẹ kú àjò, ẹ kú àbọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì gbé yín padà sí Bódìjà láyọ̀, tí ọkọ̀ òfurufú kò já yín sílẹ̀ sí ìlú onílùú. Ṣé ara yín le? Ṣé Olúrótìmí ọkọ rẹ ti ń jẹun dáadáa, torí mo gbọ́ pé wọn kì í fi ata sí ọbẹ̀ lọ́hùn-ún? Ìrètíolúwa ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ga sí i? Ìlera yóò jẹ́ tiyín, ohun tí ẹ bá náwó lé lórí kò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tiwa níhìn-ín, a wà. Bàbá rẹ wà, èmi náà wà, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò gbà pé a wà.

Mo mọ̀ pé inú àgò oníke tí ehoro Ìrètíolúwa máa ń bá rìnrìn àjò ni o ti yọ lẹ́tà yìí, àti pé ìwé lo bá níbi tí o ti ń retí ehoro. Má bínú. Tàjúdéènì, awakọ̀ tí o rán wá láti Ojóò, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Agogo mẹ́wàá ló dé, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó ní o ní kí òun gbé Ṣúgà padà wá kíákíá torí ọmọ ń sunkún ehoro rẹ̀. Mo ní kó jókòó, mo gbé ẹ̀bà fún un. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò bí mo ṣe ń kọ̀wé, ó sì ń wo aago. Mo ti sọ fún un pé n kò ní gbé Ṣúgà lé e lọ́wọ́. Ó ní kí ni kí òun wá sọ fún yín. Mo ní kò ní sọ nǹkan kan, èmi ni màá sọ ọ́, lórí ìwé, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù o máa ń sọ pé o wà ní ìpàdé, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ìpàdé dá ẹnikẹ́ni dúró nídìí lẹ́tà.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ fẹ́ lọ lóṣù Keje, o sọ fún mi pé ilé kan wà ní Ring Road tí wọ́n ti ń gba ẹranko lálejò, tí ajá àti ológbò ń sùn níbẹ̀ tí àwọn tó ni wọ́n sì ń sanwó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n tilẹ̀ fún ọ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti béèrè ìbátan ehoro tó sún mọ́ ọn jù lọ. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ta ni ìbátan ehoro ní gbogbo Ìbàdàn? Bí ẹ bá sì kọ orúkọ Ìrètíolúwa síbẹ̀, ṣé ẹbí ehoro ni àwa náà wá dà ni? Nígbà tó yá o ní ibẹ̀ ti kún, kò sí yàrá mọ́, o wá ní kí Tàjúdéènì gbé e wá fún mi. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ wù ọ́, èmi ni mo gba ipò kejì, ṣùgbọ́n n kò bá ọ jà sí i.

Ìwé tó bá a wá ló múnú mi dùn jù, ojú ìwé méjì gbáko tí ẹ̀rọ tẹ̀. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo ti ń gba ẹran sìn ní abà yìí, ewúrẹ́ àgbàsìn ni mo sì fi san owó ìwé mẹ́wàá rẹ. Ẹni tó ni abo ewúrẹ́ á gbé e wá, èmi á tọ́jú rẹ̀, bó bá bí méjì, ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan tèmi. Ẹnu la fi ń ṣe é, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan. Kò sí ẹni tó fún mi níwèé rí. Àfi ìgbà tí ọmọ inú mi fẹ́ gbé ehoro fún mi sìn, tó kọ orúkọ ehoro, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe wúwo tó, ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ẹni tó ni ín, ẹni tó gbà á, nọ́ńbà dókítà, àti ibi tí màá fọwọ́ sí. Mo fọwọ́ sí i, bàbá rẹ tẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tí o kọ ọ̀rọ̀ pínpín sí. Mo ní o mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi ni, o kò fẹ́ máa kọ́ ìyá rẹ.

Orúkọ ehoro yìí ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó sá wọ inú ẹ̀gẹ́, mo bá dúró lẹ́yìnkùlé, mò ń pe Ṣúgà, Ṣúgà. Kí n tó mọ̀, àwọn ọmọ abà ti tò síwájú mi pẹ̀lú ike lọ́wọ́, mo sì ní láti pín gúgúrú fún wọn kí wọ́n tó lọ. Oúnjẹ rẹ̀ tó dà bí hóró oògùn, mo ń fún un bí o ṣe wí. Ọ̀rá kejì ni kò yé mi. Mo tú u, koríko gbígbẹ ni mo rí. Mo pe bàbá rẹ, mo ní ẹ wá o, Fúnlọ́lá fowó ra koríko ní Ìbàdàn, ó sì fi ọkọ̀ kó o wá sí oko. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta, kí àwọn ará abà má baà gé koríko wá tà fún ọ ní Bódìjà. Mo ti dá a padà nítorí pé owó ni, ó wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Ewé ọ̀dùnkún ni Ṣúgà ń jẹ, kò sì béèrè iye tí mo rà á.

Ìwé náà ní kí a máa bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́ kó má baà máa rò pé òun dá wà. Èyí kò nira fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán màá gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa rojọ́. Ó ti gbọ́ bí o ṣe jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó mọ orúkọ obìnrin tí bàbá rẹ ì bá fẹ́ kí wọ́n tó rí mi. Etí rẹ̀ gùn, kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ènìyàn lẹ́nu, n kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ọmọ tí mo bí.

O kọ ọ́ pé abo ni, pé ó ti lé lọ́dún kan, kò sì tíì bímọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹni tó bá gba abo ẹran sìn tó jẹ́ kó jókòó lásán ń rẹ́ ẹni tó ni ín jẹ ni, wọn kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi. Tíṣà Ayẹni, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ní akọ ehoro kan, oníwà jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé Ṣúgà lọ. Mo kọ́kọ́ béèrè ibi tí akọ náà ti wá. Tíṣà ní Ṣàngó ni òun ti rà á. Mo ní kò burú, ará Ìbàdàn náà ni, wọn á gbọ́ ara wọn yé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojoojúmọ́ ni Ìrètíolúwa ń fi fóònù Tíṣà wo ehoro rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ràn fóònù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì mọ bí ènìyàn mẹ́ta ṣe ń wọ inú nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Màá gbé fóònù sún mọ́ imú Ṣúgà kó lè gbóòórùn ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó fi eyín gé àpò fóònù náà, mo rò pé ó fẹ́ wọlé wá bá yín ni, mo tètè fà á padà, torí n kò mọ ohun tí màá wí bó bá dé Lọ́ńdọ̀nù láìní ìwé ìrìnnà. Lọ́jọ́ mìíràn ojú fóònù ṣú lójijì, Tíṣà ní iná rẹ̀ ló tán. Mo ní ẹni tó ń gbé ènìyàn mẹ́ta láti òkè òkun wá sí abà lójoojúmọ́, ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́, mo bá fi aṣọ bo fóònù náà kó sinmi. Bàbá rẹ náà máa ń wá jókòó. Ìrètíolúwa á ní Bàbá àgbà, ẹ kú ọ̀sán, bàbá rẹ á sì kọjú sí igi máńgòrò, wọ́n á máa dá a lóhùn. Ẹ rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà rẹ̀ tu. Àyà mi já. Mo ní kí Tíṣà bá mi pe nọ́ńbà dókítà inú ìwé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dáhùn lédè òyìnbó, mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un, ó sọ ohun tó kọ́kọ́ sọ, mo bẹ̀ ẹ́, ó tún un sọ. Tíṣà ní ẹ̀rọ ni, ó ń sọ pé nọ́ńbà náà kò lọ. Mo ní ẹ̀rọ náà ní sùúrù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Ṣúgà ti bímọ márùn-ún, pupa fòò, kò sí irun lára wọn, wọn kò sì ju àtàǹpàkò bàbá rẹ lọ. Wọn kò tíì lajú. Tíṣà ní bó bá di ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n á lajú.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbé e lé Tàjúdéènì lọ́wọ́. Abiyamọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni, kò lè máa fò sókè fò sílẹ̀ lórí ihò ọ̀nà Ojóò. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pínpín. Ẹni tó ni ẹran ló ń wá fúnra rẹ̀ wá yan tirẹ̀. Kí n tó bí ọ, obìnrin kan ní Fìdítì rán àbúrò rẹ̀ wá gba ọmọ ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́ mi. Àbúrò yìí ta ọ̀kan lọ́nà, ó ní ọ̀kan péré ni mo fún òun. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń pè mí lólè lọ́jà Fìdítì kí òtítọ́ tó jáde. Láti ìgbà náà n kò gbé ẹran lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ì báà jẹ́ pásítọ̀ ni ẹ rán. Ṣúgà kì í sì í ṣe tìrẹ. Mo yẹ ìwé náà wò dáadáa, níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni ín sí, Ìrètíolúwa ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wọ́. Nítorí náà Ìrètíolúwa ni mò ń retí.

Má sọ fún mi pé ọ̀nà jìn. Tàjúdéènì ní láti Ojóò dé ọ̀dọ̀ wa kò pé wákàtí kan. Mo bi í pé wákàtí mélòó ni Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun gbọ́ pé ó tó mẹ́fà. Mo bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá o ní ẹ̀fọn ni kò jẹ́ kí ẹ wá, lọ́dún tó ṣáájú o ní ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé ni. Ọmọ ọdún méjì ni Ìrètíolúwa nígbà tó wá kẹ́yìn, ó ti di mẹ́jọ báyìí. Ehoro rẹ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níhìn-ín, ó mọ ibi tí omi wà, ó sì mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Ọmọ rẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí, Fúnlọ́lá, n kò ní fi ẹ̀rín bò ó.

Ojú bàbá rẹ ń ṣe bàìbàì. Ó ti lé lọ́dún kan, wọ́n sì ní kí n má sọ fún ọ, torí wọ́n ní owó ni wàá fi ránṣẹ́, o kò ní wá. N kò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀ àfi lọ́jọ́ kan lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti pa fóònù, tí wọ́n rọra bi mí bóyá Ìrètíolúwa fojú jọ ọ́. Wọn kò rí i rárá ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ohun tó bá sún mọ́ wọn gan-an ni wọ́n ṣì ń rí. Lánàá wọ́n gbé àwọn ọmọ ehoro náà lọ́kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ojú wọn, wọ́n kà wọ́n fún mi, wọ́n ní márùn-ún pé. Bó ṣe yẹ kí wọ́n rí ọmọ ọmọ wọn náà nìyẹn.

Bí a ṣe máa pín in rèé. Méjì ti Ìrètíolúwa, méjì tèmi, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìkarùn-ún ni kò rọrùn, a kò sì lè là á sí méjì. Èmi àti bàbá rẹ ti rò ó. Mo fi tèmi nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìrètíolúwa pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, àgbàsìn ni. O sì mọ bí àgbàsìn ṣe rí, ẹni tó ni ẹran gbọ́dọ̀ máa wá wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ó wá sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀. Kó jọ̀wọ́ má sọ ọ́ ní Ṣúgà Kejì, torí gúgúrú mi ti tán.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹwàá, ẹ tètè dé kí ẹ lè bá wọn nígbà tí wọ́n bá ń lajú. Ẹ bá mi mú oògùn orúnkún dání, àti búrẹ́dì Ìbàdàn méjì, àti owó wáyà àti pákó tí Tíṣà máa fi kan ilé ehoro. Ẹ má fi owó náà sínú fóònù. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù Keje, mo lọ gbà á lọ́dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS ní Fìdítì, mo bi í pé ta ló gbé e wá láti Ìbàdàn kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó ní kò sí ẹni tó gbé e wá. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó, pé irú owó bẹ́ẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bu omi fún. Ẹ gbé èyí wá fúnra yín, mo ti pọn omi kún àmù.

Ọlọ́run tó mú yín dé Lọ́ńdọ̀nù yóò mú yín dé Fìdítì. Ọ̀nà ilé kò ní gùn jù fún yín. Ẹ ó máa lọ, ẹ ó máa bọ̀, ìgbàkígbà tí ẹ bá sì dé, ẹ ó máa bá wa nílé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó gba Ṣúgà sìn.