Ègé Ara Mi Lórí Gíláàsì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tayọ̀tayọ̀, mo kí ọkọ yín àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín. Ṣé orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu nídìí ẹ̀rọ ti fúyẹ́? Ọlọ́run yóò bá wa wò ó. Ní tèmi, ara mi le. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú dáadáa pé ara mi le, torí ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí lè mú kí ẹ ju ìwé sílẹ̀ kí ẹ figbe ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná.

Ẹ máa ń fi iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní yunifásítì yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, pé mo wọ ọkọ̀ òfuurufú torí àtikọ́ṣẹ́ alápatà. Ẹ ò kúkú parọ́ púpọ̀. Bí dókítà bá gé nǹkan kékeré lára aláìsàn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú oògùn kó má bàa rà, a ó rì í sínú ìda yíyọ́. Bí ìda bá ti le, a ó fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. A ó tẹ́ ẹ sórí omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kó lè nà, bí ẹ ṣe máa ń lọ aṣọ, lẹ́yìn náà a ó fi gíláàsì gbé e, a ó sì pa á láró. Ìgbà náà ni dókítà tó máa wò ó yóò tó rí ohun tó ń ṣe ẹni náà.

Obìnrin tó ń kọ́ wa nídìí omi yẹn le bí ojú ẹja. Màmá Nù-ún là ń pè é tí kò bá sí nítòsí. Bí a bá ti gbé ti aláìsàn kan kúrò, a gbọ́dọ̀ fi bébà nu ojú omi kó tó kan ti ẹlòmíì, kí ẹyọ ara ẹni àkọ́kọ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ti ẹnì kejì. Gbogbo ìgbà ló ń pariwo, “Nù ún! Ṣé èyí lo pè ní omi tó mọ́?” Ó ti lé mi jáde rí nítorí ẹ̀. Mo gbà pé ó kórìíra mi torí pé àlejò ni mí.

Ohun tí mi ò sọ fún yín nìyí. Mò ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi bá kan kókó nínú ọmú mi òsì. Dókítà iléèwé fi abẹ́rẹ́ ńlá gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí èsì dé, ó ní, “Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún ọ. Jẹjẹrẹ ni.” Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi di. Mò ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi tí mò ń pa jẹjẹrẹ ọmọ ọlọ́mọ láró lójoojúmọ́! Ó ní wọ́n máa gé ọmú náà, ó sì dá ọjọ́. Mo dé yàrá mi, mo jókòó sórí ibùsùn tèmi ti bàtà. Mo gbé fóònù kí n pè yín, mo gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ta ẹ̀rọ ìránṣọ kí ẹ lè wá.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ku fẹ́ẹ́rẹ́, Màmá Nù-ún ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni, torí mi ò lọ sí kíláàsì mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní, “Kì í ṣe tìẹ.” Mo ní, kí ni kì í ṣe tèmi? Ó ní, “Jẹjẹrẹ yẹn. Kì í ṣe ara rẹ ló ti wá.” Àgbà dókítà tó tún gíláàsì mi wò ló kíyè sí i pé ègé burúkú náà dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò so mọ́ ara tó kù. Wọ́n tún gé òmíràn nínú ìda tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju kókó lásán tí kì í pani. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lára mi nítorí iṣẹ́ abẹ wé ègé yẹn, wọn ò bára mu. Ara ẹlòmíì ló léfòó lójú omi tó lẹ̀ mọ́ tèmi.

Kí n tó ráyè bèèrè òpònú tí kò nu omi, ó ní, “Èmi ni. Nígbà tí mo rí orúkọ rẹ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní èmi fúnra mi ni màá gé e. Omijé ń dí mi lójú. Mo gbàgbé.” Háà! Màmá Nù-ún! Ó ti lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọ̀gá wa kó tó pè mí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ gbogbo gíláàsì tó wà ní yàrá náà. Ibi tí mo ti ń wá ohun tí màá kọ́kọ́ fọ́ ni mo ti bá ara mi lọ́rùn rẹ̀, tí àwa méjèèjì ń sunkún. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹnu ṣì ń yà mí. Ẹni tí mo ní ó kórìíra mi, ìfẹ́ ló fẹ́ẹ̀ fi gé ọmú mi dànù.

Mo bi í pé ta ló wá ni ègé náà. Ó ní òun ò lè dárúkọ, pé obìnrin kan tí òun gé tiẹ̀ ṣáájú tèmi ni, àti pé wọ́n ti sọ fún un. Ọ̀rọ̀ tó di mí létí yẹn, wọ́n sọ ọ́ fún òun náà, kò sì sẹ́ni tó pè é padà pé kì í ṣe tìẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo obìnrin tó bá wọlé ni mò ń wò lójú. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dúpẹ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi bẹ Ọlọ́run fún un.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ojú yín máa mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ ogbó, kí ayọ̀ má sì tán nínú ilé yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́.

Àfikún: Ó pẹ́ tí ẹ ti ń ní kí n fi ìwọ̀n àyà mi ránṣẹ́ fún aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ gboyè, tí mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi gé e. Kò dín.