Orin Tí Mo Kọ ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti di ìyàwó! Mo ṣì ń ka ọjọ́. Mo jí, mo rí Báàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo bú sẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín. Olúwaṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ ní Ọ́ttò — ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, Báàsì ni, nítorí ohùn rẹ̀ tó ń dún bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde. Yàrá kan àti pálọ̀ ní Ibereko. Fèrèsé kan kò ṣeé tì. Mo fẹ́ràn fèrèsé náà pàápàá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bàbá kò gbé ìpè mi. Kò wá sí kóòtù lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀. Nígbà tí èmi àti Báàsì lọ bá a nípa ìgbéyàwó, kò sọ pé rárá. Ó ní, ẹ jẹ́ kí n rò ó. Bàbá àti ìrònú! Rọ́ọ̀gì, ẹní, ìbòrí tábìlì àti fìlà ló ń tà ní Àgbádárìgì, kí ó sì tó dá iye lé rọ́ọ̀gì kan, oníbàárà á ti wá àga jókòó. Oṣù méjì ni mo dúró. Mo wá sọ fún ara mi pé bí Alájì bíi ti Bàbá ṣe ń sọ rárá fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bíi Báàsì láìbínú nìyẹn. A lọ sí kóòtù. Mùíz àbúrò mi nìkan ló wá láti ilé wa. Ó ní nígbà tí Bàbá gbọ́, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Mo ti di akọrin! Ṣọ́ọ̀ṣì Báàsì ní Morogbo. Olórí wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ, ní kí n kọ ìlà kan péré. Mo kọ ọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní níléèwé girama. Mi ò sọ ti ilé kéwú, níbi tí Bàbá ti máa ń gbé mi dúró lórí àpótí kí n ké kéwú fún àlejò, tí òun á dijú, tí á máa mi orí.

Ìṣe wọn lọ́dọọdún nìyí. Tí Kérésìmesì bá ti kù díẹ̀, wọ́n á lọ yọ sí àwọn èèyàn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí orin — ilé epo, ẹnu géètì, inú ọjà. Kò sí aṣọ akọrin. Wọ́n á dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí oníbàárà, wọ́n á máa ná ọjà. Ọ̀gá, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣẹ̀yẹ, á ṣí agboòrùn, àmì nìyẹn. Ẹnìkan á dá bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á gbà á. Òfin kan: bí agboòrùn bá ti ṣí, má dúró. Ẹni tó bá dúró ti ba tẹni gbogbo jẹ́.

Èmi ni mo máa dá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí!! Èmi tí mo dé lónìí!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Ilé epo, Morogbo. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ẹ jáde wá, ẹ wá gbọ́, ọmọ kan ti dé sáàárín wa — orin tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ. Ọlọ́kadà kan bọ́ọ́lẹ̀, ó ń jó. Ẹni tó ń ta epo ní, ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni, mo rò pé adigunjalè ni! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín débi pé Deborah tó ń kọ ohùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń di inú mú.

Nígbà tí a ń padà, mo sunkún díẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ ohùn mi lónìí, àfi ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Mùíz pè. Bàbá ní kí ó béèrè bóyá omi ń yọ dáadáa lọ́dọ̀ "àwọn ará Ibereko yẹn." Kò dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n ó béèrè! Omi!

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kejìlá

A ń wá ibi tó kàn. Ẹnu mi ló jáde. Mo ní, iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Àgbádárìgì, àyè wà níbẹ̀, èrò pọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Deborah ní á mà dùn nínú fídíò o.

Mo ti rí i lọ́kàn mi tán. Bàbá á gbọ́ mi, á jáde, á dijú, á mi orí. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa á parí síbẹ̀, lójú gbogbo ọjà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ ẹnikẹ́ni.

Lójú ọ̀nà, Báàsì ní ṣé kò ní dáa kí n kọ́kọ́ lọ kí i láìsí orin. Mo ní, ìyàlẹ́nu ni, tí a bá ti sọ ọ́ kì í ṣe ìyàlẹ́nu mọ́. Ó ní, ìyá ìkánjú, tèmi ni mo sọ yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú dé ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kejìlá

Ọ̀la ni. Mo ti lọ aṣọ tí màá wọ̀, bíi tọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kejìlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà tún un ṣe lọ́kàn mi.

Agogo mọ́kànlá. Ètò ni pé kí n dúró níta, nídìí àwọn ẹní. Ṣùgbọ́n Bàbá rí mi. Ó pè mí — Hidayah — jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Ó ní kí n wọlé. Kí n wọlé! Ó rán Mùíz lọ ra ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àga fún mi. Mo jókòó. Mo gbàgbé gbogbo àwọn tó wà níta.

Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé. Mo ń rí Deborah tó ń ná rọ́ọ̀gì pupa. Mo ń rí Báàsì lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣe bí ẹni pé ó ń wo ìbòrí tábìlì.

Bàbá ní mo ti rù. Ó ní, ṣé ọkọ ẹ ń jẹun? Ọkọ mi — bó ṣe pè é nìyẹn. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, mo ti rò ó. Ó pẹ́, mo mọ̀ pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rò ó tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ ni pé —

Agboòrùn ṣí. Mo rí i lẹ́yìn èjìká rẹ̀.

Mo lè dúró. Kò sí ẹni tó di ọrùn mi mú. Ṣùgbọ́n èémí ti kún àyà mi. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ orin níwájú Bàbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Deborah gbà á. Ọkùnrin wa kan tó ń wọn fìlà gbà á. Báàsì gbà á. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fóònù lókè yíká. Bàbá kọ́kọ́ wo ẹnu mi. Ó wo Deborah, tó ti ń ná an lọ́jà fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó wo ọkùnrin fìlà. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń rí i bó ṣe ń yé e, pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tó wá ra nǹkan. Ó wá padà wò mí.

Ó dé fìlà rẹ̀.

Nígbà tí orin parí tí ọjà ń hó, Bàbá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí a ṣe ń ṣe é fún àlejò. Ó ní, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fa kọ́tìnì.

Mùíz dé pẹ̀lú ìgò méjì. Ó ní, Bàbá ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kejìlá

Mo pe Bàbá nígbà mẹ́rin, kò gbé e.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kejìlá

Fídíò ti kárí. Deborah fi sórí Wasáàpù, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ní mọ́sálásí, wọ́n ń pe Bàbá ní Alájì Akọrin. Ẹnìkan ní, Alájì, ṣé tẹ́nọ̀ lẹ ń kọ ni àbí báàsì? Mùíz ní Bàbá bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, kò jẹun.

Mo ní, ṣé orin Kérésìmesì ló bí i nínú ni. Mùíz ní, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó bí Bàbá ni wọ́n ti ń kọ orin Kérésìmesì lọ́jà wa. Ó ní ohun tó ń dun Bàbá ni pé ẹ jẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àmì orin lẹ ń retí. Ó ní Bàbá sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: mo nu àga fún un, mi ò mọ̀ pé eré ni wọ́n wá ṣe.

Mo bi í ní ohun tí Bàbá fẹ́ sọ fún mi. Kò mọ̀. Bàbá kì í sọ èyí tó ń rò fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kejìlá

Deborah ti yọ fídíò náà, ó sunkún, ó bẹ̀ mí. Mo ní kí ó má sunkún mọ́. Èmi ni mo mú wọn lọ.

Mo pariwo mọ́ Báàsì. Mo ní o rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tí o fi gbà á? Ó ní, mo rí i. Ó ní, ẹnu mi ti là kí ojú mi tó rí i. Ó bu omi fún mi. Ìjà wa àkọ́kọ́ — kì í tilẹ̀ ṣe ìjà.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kejìlá

Kérésìmesì. Báàsì lọ kọrin. Mo fọ aṣọ.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kejìlá

Mo lọ. Èmi nìkan. Báàsì fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo ní rárá.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kò bínú — ì bá sàn kí ó bínú. Ó ní, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá béèrè, láìgbé ohùn sókè, ṣé àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn?

Mo ní èmi nìkan ni, Bàbá.

Obìnrin kan wọlé, ó ń béèrè ẹní ìkírun. Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní, màmá, ẹ má bínú, ṣé ẹ wá rà á lóòótọ́? Obìnrin náà ní, kí lẹ tún fẹ́ kí n fi ṣe? Ó rà á, ó lọ.

Mo ní, Bàbá, mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn. Màá dúró. Bó ṣe wù kó pẹ́, màá dúró.

Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Òun kò jókòó. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n á tún bú sórin — oníbúrẹ́dì, àwọn ọmọ iléèwé, ọkùnrin kan tó dúró kí ó so bàtà. Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ó ṣì ń ṣọ́ ìta nígbà tí mo dìde láti máa lọ.