Ṣé Ó Ṣì Jẹ́ Bẹ́ẹ̀? Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Mercy Morìnsọ́lá Zánnù (1968–2025)

Ní erékùṣù Topo, níbi tí ọ̀sà wà níwájú tí òkun sì wà lẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Màmá Mercy Morìnsọ́lá Zánnù ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1968. Bàbá wọn ni Olóògbé Sètónjí Hùnsù, apẹja, ọmọ Ègùn tòótọ́, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdí ọkọ̀. Ìyá wọn ni Ìyá Adúnọlá Hùnsù, ọmọ Àwórì láti Aradagun, tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ìyá ló sọ ọmọ ní Morìnsọ́lá. Sẹ̀námì ni bàbá ń pè é títí tí bàbá fi jáde láyé. Ìyá Adúnọlá, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣì wà láàyè ní Topo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ọdún 1974 ni Màmá wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù náà. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí ilé ìwé girama nílùú Badagry ní ọdún 1980, ó di pé kí wọ́n máa wọkọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n tún máa wọkọ̀ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ilé ìwé bi ọkùnrin kan létí omi bí ọ̀sà ṣe rí. Ó ní ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́. Kò purọ́ o. Bí ó ṣe rí i láàárọ̀ ló sọ, oòrùn sì ti yẹ̀ kí wọ́n tó bi í. Ọkọ̀ dojú dé láàárín omi. Àwọn apẹja yọ gbogbo wọn láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀sà wọ Màmá lára lọ́jọ́ náà, kò sì jáde mọ́. Àwọn ọmọ wọn gbà pé ibẹ̀ ni ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Màmá fúnra wọn ní irọ́ ni, pé iyèméjì ni wọ́n bí mọ́ òun.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí dípúlómà nínú iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Ìbàdàn ní ọdún 1991, wọ́n sì wọṣẹ́ ní Ilé Ìkàwé Ẹ̀bá Ọ̀sà, Badagry, lọ́dún kejì. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Rewájú Zánnù, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ti wá tún wáyà ṣe, tó sì ń padà wá lẹ́yìn tí wáyà ti dára. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá, ọdún 1995, Olúwa sì fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2016, ilé ìkàwé náà ti ní ẹ̀ka ní Aradagun, ní Ikoga àti ní Topo, ọ̀rọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ sì ti di rúdurùdu. Orí Wásáàpù ni gbogbo nǹkan wà: ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà òwúrọ̀, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń kó ìwé lọ sí Topo. Ẹni tó bá ń wá ohun tí wọ́n sọ lánàá á kọ́kọ́ ṣe àmín títí kó tó rí i. Ni ọ̀gá àgbà bá ní kí Màmá ṣe ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò jẹ́ ti òṣìṣẹ́ nìkan, tí ará ìta kò ní lè wọ̀.

Màmá kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Wọ́n ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, wọ́n ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń bi ara wọn. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí fọ́tò òun àti ọ̀rọ̀ ìkíni òun wà lókè pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tó ń jí láàárọ̀ tó ń béèrè fọ́tò ọ̀gá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló ń ṣí ilé lónìí, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, ṣé ọkọ̀ Topo ń lọ? Ìwọ̀nyí ni Màmá fi sókè. Wọ́n fi fọ́tò ọ̀gá sísàlẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó tóbi dáadáa kí inú má baà bí wọn.

Òfin kan ni Màmá fi lélẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. Orúkọ onítọ̀hún àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí onítọ̀hún bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tó kú, ọjọ́ náà gan-an ni orúkọ mìíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò tirẹ̀. Ojú-ewé Ikoga ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì, olùkọ́ kan sì gbà á gbọ́, ó kó àwọn ọmọ kéékèèké dúró sínú òjò. Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ojú-ewé tó bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò padà sí i mọ́, bó tilẹ̀ ń sọ òótọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, wọn á ka ohun tí onítọ̀hún kọ sí i létí, wọn á wá ní, "Ṣé ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Bí àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ ṣe sọ wọ́n di Màmá Ṣé-ó-ṣì-jẹ́-bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ara kò rọ àwọn ará ilé náà. Bí ọkọ wọn, Bàbá Rewájú, bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, ìbéèrè yẹn ló ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni Màmá láti kékeré, wọ́n sì sin Ọlọ́run tọkàntọkàn nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin, Tiwalolúwa, mú Khaleel wálé ní ọdún 2019, ọmọ ìdílé Mùsùlùmí oníṣòwò, àwọn kan fajú ro. Màmá bi Khaleel bóyá ìfẹ́ tó sọ pé òun ní sí ọmọ àwọn lọ́dún tó kọjá ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní ti ìlú, Màmá ló yọ àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́nu títí wọ́n fi ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ọmọdé rì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń sá fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rà á.

Ní ọdún 2024 ni àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kí Màmá sinmi, kí wọ́n má ṣe ronú. Báwo ni wọn kò ṣe ní ronú? Wọ́n ti rí ìkànnì ibòmíràn tó ti kú tí kò sẹ́ni tó mọ̀, tó ń pe ènìyàn sí ìpàdé tó ti parí tipẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí tiwọn náà yóò ṣe rí nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ náà lé Arábìnrin Jùmọ̀kẹ́, ẹnìkejì wọn níbi iṣẹ́, lọ́wọ́, ojú-ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wá ku ẹyọ kan, ojú-ewé ọkọ̀ Topo. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ béèrè rẹ̀, Màmá ní, "Èyí ṣì wà lọ́wọ́ mi ná." Lórí ibùsùn ni wọ́n ti ń pe àwọn ọlọ́kọ̀ bi wọ́n léèrè afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu pé kí wọ́n fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò lè fi eléyìí sílẹ̀. Ọ̀sà ni, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025, Màmá kọ ọ́ sí ojú-ewé náà pé ọ̀sà dára, pé ọkọ̀ lè kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, wọ́n ti dákẹ́.

Baálé ẹbí, Bàbá Akóredé Zánnù, pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u síta títí àwọn àgbà yóò fi kọjá sí Topo lọ sọ fún Ìyá Àgbà jẹ́jẹ́. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu èrò ọ̀nà.

Fóònù Màmá wà lọ́wọ́ Tiwalolúwa, ló bá dún. Ọ̀gbẹ́ni Akíndé tó ń bójú tó ẹ̀ka Topo ló ń pè. Ó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé bọ̀ wá sí ìdíje ìwé kíkà ní Badagry, ojú-ewé sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ wọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà yìí. Tiwalolúwa wo orúkọ tó wà lójú fóònù. Bí ó bá gbé e, ohùn rẹ̀ lè tú àṣírí. Bí kò bá gbé e, ọkọ̀ lè gbéra. Ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. A ti ṣe tán o. Ṣé ká máa bọ̀?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi Tiwa ni. Màámi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ojú-ewé ní ọ̀sà dáa, ọlọ́kọ̀ sì ń pariwo pé ká yára."

Tiwalolúwa kò mọ nǹkan kan nípa omi. Aradagun ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ni ohun tó ti ń gbọ́ láti kékeré, tó sì ti ń bí i nínú láti kékeré.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wojú ọ̀sà. Ṣé ó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Akíndé yíjú wo ọ̀sà. Tiwalolúwa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀; wọ́n ti ń wọkọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Háà. Ìhà òkun ti ṣú o. Afẹ́fẹ́ ti ń yí. Àmọ́ Màmá ti kọ ọ́ pé…"

"Àná ni wọ́n kọ ọ́, sà. Ẹ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀. Ẹ dákun, gbogbo wọn."

Àwọn ọmọ ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò tíì padà dé ilé ìkàwé Topo tí ìjì fi bẹ̀rẹ̀. Ó já ọkọ̀ náà kúrò létí èèkàn, ó gbé e lọ, ó sì dojú rẹ̀ dé. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ẹ bá ẹbí dúpẹ́.

Tiwalolúwa kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Akóredé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Jùmọ̀kẹ́ yí orúkọ tó wà lójú-ewé náà kíá. Ìjì kò jẹ́ kí àwọn àgbà lè kọjá sí Topo, orúkọ Màmá sì wà níbẹ̀ bí ẹni tó ṣì lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí wọ́n bá yí i, gbogbo òṣìṣẹ́ tó mọ òfin Màmá ni yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà ní Topo pẹ̀lú, nítòsí ibi tí Ìyá Àgbà jókòó sí. Níkẹyìn Bàbá ní, "Ẹ yí i. Ọmọ ọlọ́mọ ni àwọn ọmọ yẹn. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ Ìyá Àgbà."

Jùmọ̀kẹ́ yí i pẹ̀lú omijé. Ọ̀gbẹ́ni Akíndé rí i, ó sì yé e. Kò pariwo. Ó fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ olùkọ́ wọn, ó rìn nínú òjò lọ sí agboolé Ìyá Àgbà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà fi èdè Ègùn bi í pé kí ló dé. Ó ní òjò ló mú òun yà. Ẹni tó bá yọjú láti wá sọ̀rọ̀, ó ń fi ojú lé e padà. Ibẹ̀ ló wà títí omi fi rọ̀, tí àwọn àgbà fi dé. Ẹbí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú oore yìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tí inú ń bí pé òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé gbọ́ kí ẹ tó gbọ́, ẹ foríjì ẹbí. Ìdí rẹ̀ nìyí, Màmá ì bá sì bá ẹbí jà ká ní ó rí bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí.

Màmá fi ìyá wọn sílẹ̀ lọ, ó sì dùn wá gidigidi. Wọ́n fi ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Rewájú Zánnù, sílẹ̀. Pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Tiwalolúwa àti Babátúnjí. Ọkọ ọmọ wọn, Khaleel. Ọmọ-ọmọ wọn, Ikhlas, tó ti ń béèrè ìbéèrè náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbúrò, ẹbí àti ará.

Bí Màmá ṣe fẹ́, itẹ́ òkú ìjọ ní Topo ni wọn yóò sùn sí. Ìwé yìí sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ìwé gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Jùmọ̀kẹ́ yóò wà létí omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ó bá ní kí ẹ dúró, gbogbo ènìyàn ni yóò dúró, àti òkú àti àwọn tó ń sin ín.

Morìnsọ́lá ìyá wọn, Sẹ̀námì bàbá wọn, ojú-ewé yín ti ní ẹni tó ni ín. Ẹnì kan yóò bá yín wo ojú ọ̀sà láàárọ̀. Ẹ má ṣe jí béèrè mọ́, Màmá. Ẹ sùn re o.