Orin Àjèjì Tó Kọ Ebè Lóko Baba Fabiola

Idigny,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Cyriaque,

Mo kí ọ láti ìhín títí dé Malanville tí ìjọba gbé ọ lọ. Ṣé ara le? Ṣé Cyriaque àti bàbá rẹ̀ ń jẹun dáadáa? Ṣé àwọn aláboyún ilé ìwòsàn yín ń jẹ́ kí o fojú ba oorun? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ẹ̀yìn ló kàn ń ro mí, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́. Ǹ bá fi fóònù bá ọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù tó ń já lẹ́nu ẹni.

Fabiola, ọmọ tí o gbé dúró níwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀, ti rí ẹni tó fẹ́. Rodrigue ni orúkọ ọmọkùnrin náà. Zémidjan ni, ó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Kétu. Ó níwà, ó sì mọ èèyàn kí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò ní ìdílé lẹ́yìn. Kò mọ bàbá rẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Okpomèta, ó sì kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Àwọn Ẹ̀gùn ní Àjàṣẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà. Baba Fabiola gbọ́, wọ́n ní àwọn kò gbà. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bó bá ṣẹ ọmọ mi lọ́la, ta ni a ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, kó wá bá mi kọ ebè. Bó bá rí èèyàn kó wá, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí, kó fi ọmọ mi sílẹ̀." Fabiola sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

O ti bá wa jẹun ọ̀wẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bóyá o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdílé wọn. Bàbá ìyàwó kì í dé àárín àwọn òṣìṣẹ́. Abẹ́ igi ẹmì tó wà létí oko ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí oko, wọ́n á máa gbọ́ orin. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ ìyàwó kó wá bá ní orin kan náà lẹ́nu, ọkọ́ wọn á máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orin bá ń já, tí ọkọ́ ń dún wúruwùru, àwọn àgbà á ní wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi owó bẹ̀ wọ́n wá ni.

Jẹ́ kí n sọ ti orin kan fún ọ ná. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí orin kan ti gba gbogbo agbègbè wa. Èdè Ẹsipanyọ́lù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló ń gbè é fún ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Falilatou tó ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ló ń sunkún, òun náà a sì máa bá a sunkún. Clément, katikíìsì tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ìjọ, ní rárá, Màríà Wúńdíá ni wọ́n ń yìn. Ó fi ọ̀rọ̀ Nàgó, èdè tiwa, sí ohùn orin náà fún ẹgbẹ́ akọrin, a sì ti kọ ọ́ nínú ìsìn, Ìyá Cyriaque. Mo kọ ọ́ tòun ti ẹ̀yìn ríro mi. Ó dùn débi pé n kò rò pé ohun tí kò dára lè wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Èmi àti Fabiola ń gbé oúnjẹ lọ sóko, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí èèyàn mẹ́ta péré wá, kí ojú má ti ọmọ náà jù. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró alùpùpù. Àwọn zémidjan tò lọ́nà oko bí ìjàlọ. Fọ̀n wà nínú wọn, Ẹ̀gùn wà, Nàgó wà, Bàrìbá náà wà. Wọ́n fi alùpùpù wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọnú oko. Rodrigue ló ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n orin dìjà. Àwọn Fọ̀n dá orin oko tiwọn, àwọn Nàgó kò mọ ègbè rẹ̀. Àwọn Nàgó dá tiwọn, àwọn tó kù panu mọ́. Ọkọ́ ń dún bí òjò tó ń kán sórí páànù. Mo wo Baba Fabiola lábẹ́ igi ẹmì, mo rí i tí wọ́n mi orí. Fabiola di apá mi mú pinpin. Ìgbà náà ni Rodrigue gbé orin Ẹsipanyọ́lù yẹn sókè. Kò lóhùn, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ orin náà nínú wọn, wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe lè ròyìn rẹ̀. Wọ́n fa orin náà kó lè bá ọkọ́ dọ́gba, wọ́n sì sọ ọ́ di orin oko. Ọkọ́ gbogbo wọn ń lọ sókè papọ̀, ó ń balẹ̀ papọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ nínú ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn tó wà lóko ìtòsí dá iṣẹ́ dúró. Ebè ń yọ lẹ́yìn wọn ní ìlà tó gún régé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orin oko, n kò gbọ́ irú èyí rí. Ẹ̀rù bà mí, bí ó ti máa ń bà mí nígbà tí àlùfáà bá gbé Ara Olúwa sókè. Mo gbé igbá oúnjẹ sílẹ̀, mo dúró.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Baba Fabiola bi Rodrigue pé, "Kí ni orin yẹn ń wí?" Rodrigue dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, n ò mọ̀. Òun nìkan ni gbogbo wa jọ mọ̀." Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Lábọ̀dé, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá èpè ni wọ́n kọ sórí ilẹ̀ ìdílé. Bẹ́ẹ̀ ni Baba Fabiola ṣe ní àwọn kò ní dá a lóhùn àfi tí àwọn bá mọ ohun tí orin náà ń sọ. 

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Théophile tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Ẹsipanyọ́lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n fi orin náà sí etí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó nu ojú, ó ní, "Baba, orin ìfẹ́ lásán ni." Baba Fabiola ní kó sọ ọ́ bó ṣe wà. Ló bá sọ ọ́. Ọkùnrin inú orin náà ń bẹ ọmọbìnrin náà pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ òun, kó di ẹrù rẹ̀, kó gba ojú fèrèsé jáde, kí àwọn jọ sá lọ. Ọmọbìnrin náà ń dáhùn pé òun ń bọ̀. Clément katikíìsì tó wà níjòókòó bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀ kiri. Bàbá Lábọ̀dé ní, "Ẹ ò rí nǹkan?" Èmi ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Baba Fabiola ló wá sọ̀rọ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ní alùpùpù. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Bó bá fẹ́ ṣe bí orin yẹn ṣe wí, ta ni ì bá dá a dúró? Ojú ọ̀nà ló fi alùpùpù sí, ọkọ́ ló gbé wá bá mi. Ẹ ní kó wá mú ọjọ́." Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé títí orí àwa méjèèjì fi funfun, Ìyá Cyriaque, ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Mo kúnlẹ̀ láìmọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ni ìgbéyàwó. Ìwọ lo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìwọ náà ni yóò mú un wọlé lọ́jọ́ náà. Gbé àlùbọ́sà Malanville dání, ti ọjà wa níbí ti wọ́n ju ẹran lọ. Ọlọ́run yóò fún ọ lówó ọkọ̀ àti àlàáfíà ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ tó ń gbẹ̀bí ọmọ ọlọ́mọ yóò gbé ọmọ Cyriaque. A ó fi ẹ̀rín pàdé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń pọn omi,
Àbẹ̀ní, Ìyá Fabiola.

Mo tún rántí: Fabiola sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lánàá níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ó ní nígbà tí bàbá òun kọ̀, òun gan-an lòun bẹ Rodrigue pé kó gbé òun sá lọ sí Nàìjíríà. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Rodrigue ló kọ̀. Ó ní, "Fabiola, n ò ní bàbá. Tí mo bá gbé ẹ sá, n ò ní ní in láéláé."