Daddy Rí I Lójú Kámẹ́rà, Mummy Ò Sì Mọ̀

Ìyá mi ń parọ́ fún bàbá mi, bàbá mi náà ń parọ́ fún ìyá mi, àwọn méjèèjì sì ti mú mi búra pé mi ò ní sọ... Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti fẹ́ dàrú. Café kan ní Ketu ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ èyí, torí mi ò lè sọ ọ́ nílé.

Daddy mi ń ta tòmátò ní Mile 12. Wọ́n ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àfi lọ́jọ́ tí omi ò yọ nílé wa ní Ikosi, tí wọn ò rí omi fi ṣan ìtọ̀ náà lọ, tí èmi wọ ilé ìyàgbẹ́ tẹ̀ lé wọn tí mo rí i. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi títí a fi dé ọsibítù kan ní Gbagada. Dókítà ní òun máa ti kámẹ́rà tín-ín-rín kan, tó máa ń tẹ̀ síbi tí wọ́n bá darí ẹ̀ sí, gba ojú ìtọ̀ wọn wọ inú àpòòtọ̀, kí òun lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ó ní òun ò ní kùn wọ́n lóorun, oògùn tí kì í jẹ́ kó dùn wọ́n lòun máa fi síbẹ̀. Daddy ní ṣé ibẹ̀ ti wá di Ikorodu Road ni, tí nǹkan á máa gbà á kọjá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a ò mọ ohun tó ń bọ̀.

Nǹkan kan ti hù síbẹ̀. Dókítà gé díẹ̀ lára ẹ̀ fún àyẹ̀wò, nígbà tí èsì máa jáde, jẹjẹrẹ ni. Èmi àti Mummy ló pè sí ọ́fíìsì. Ó ní kò tíì wọlé jìnnà, pé tí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á gé e kúrò, ṣùgbọ́n ká má fi falẹ̀ rárá. Ó fẹ́ lọ sọ fún Daddy fúnra ẹ̀, ni Mummy bá kúnlẹ̀ fún un... ìyá mi, níwájú ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àìsàn ẹ̀gbọ́n Daddy fún un, ó kọjú sí ògiri, kò sì jẹun mọ́ títí ó fi kú. Dókítà ní kò burú, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Daddy gbọ́dọ̀ mọ̀. Mummy mú mi búra lójú ọ̀nà, bí wọ́n sì ṣe délé báyìí, wọ́n sọ fún Daddy pé kòkòrò ni, pé wọ́n kàn máa fọ inú àpòòtọ̀ ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan ni Daddy pè mí sí ìsọ̀ wọn, wọ́n ní kí n jókòó sórí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lajú sílẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà wọlé, pé àwọn ń wo tẹlifíṣọ̀n tí dókítà ń wò, pé nǹkan náà dà bí olú tó hù lára igi, àti pé dókítà tó ti ń bá àwọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bọ̀ kàn dákẹ́ lójijì. Wọ́n ní, "Má sọ fún ìyá ẹ o. Ọkàn ẹ̀ ò lè gbà á." Ohun tí Mummy sọ nípa tiwọn náà nìyẹn! Wọ́n ní àwọn ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kankan àfi tí àwọn bá fi ọwọ́ ara àwọn fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ tán, torí àwọn lè wọlé káwọn má jáde. December ni ìgbéyàwó mi. June la wà yìí.

Ní báyìí, tí Mummy bá ti dárúkọ fífọ̀, Daddy á ní kí ló ń lé wọn, ṣebí kòkòrò lásán ni. Mummy ò sì lè tẹnu mọ́ ọn, kí àṣírí má baà tú. Lálẹ́, wọ́n á jókòó ti ara wọn, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá ara le, ara ń le, ẹ̀rín ń bọ̀... èmi á dìde lọ sí kíṣìnì. Inú ń bí mi, kí n má parọ́. Inú àwọn méjèèjì ló ń bí mi, àánú wọn sì ń ṣe mí débi pé mi ò lè jẹun.

Dókítà pè mí láàárọ̀ yìí. Tuesday ni àyè wà fún iṣẹ́ abẹ náà, tí a ò bá wá, ẹlòmíì ló máa gbà á, kò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa yọ. Àfẹ́sọ́nà mi, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ fún, ní ká fa ìgbéyàwó súnmọ́, ṣùgbọ́n kí la máa sọ pé ó fà á? Mo ti ń rò ó pé kí n ní mo lóyún... àgbà ìjọ ni Daddy, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn máa dá sílẹ̀, kí n sì tún wá fi irọ́ kẹta kún un?

Tí mo bá sọ, mo ti da ẹni tó finú hàn mí. Tí mo bá dákẹ́, Daddy á fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ ní December lóòótọ́, èmi nìkan nílé wa ni mo sì máa mọ ohun tí wọ́n fi san án. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún nínú wọn? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí kó dá mi lóhùn kí Tuesday tó pé.